Astrometry.net láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ó mọ ibi tí kámẹ́rà kọjú sí, kò sọ bó ṣe dájú tó

Ìkànnì ọ̀fẹ́ ni Astrometry.net. Ẹ fi fótò ojú ọ̀run alẹ́ ránṣẹ́ sí i, ẹ má sọ ibi tẹ́ ẹ wà, yóò sọ ibi tí kámẹ́rà kọjú sí àti bó ṣe dẹ̀gbẹ́. Ìràwọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń mú, á wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra, á fi wé àkójọ tirẹ̀. Irú iṣẹ́ tí kámẹ́rà ìràwọ̀ ń ṣe lórí sátẹ́láìtì nìyẹn, ó sì já fáfá níbẹ̀.

Àbùkù rẹ̀ ni pé èsì kò gbé ìwọ̀n àṣìṣe dání. Ẹ óò rí àárín fótò, ìwọ̀n píksẹ́lì, àti ìhà tí òkè fótò kọjú sí. Iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè fi yẹ̀, kò sí. Bẹ́ẹ̀ wọn ò dọ́gba. Bí fótò bá fẹ̀ ní dígírì 20, ìràwọ̀ etí ò ju dígírì 10 sí àárín lọ, nítorí náà àṣìṣe ti dídẹ̀gbẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 6 ti àárín, ó kéré tán. Ẹni tó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo bo méjèèjì tan ara rẹ̀ jẹ.

Ti awò fífẹ̀ pọ́tábù tún le. Ní dígírì 30 sí àárín, igun tí píksẹ́lì kan gbà síhà ìta jẹ́ 0.75 ti àárín. Síhà ẹ̀gbẹ́, 0.87. Àṣìṣe ibẹ̀ kì í ṣe róbótó mọ́: kò dọ́gba ní gbogbo ìhà. Róbótó kan náà sì ni QUEST, ọ̀nà ìṣirò ìhà tí sátẹ́láìtì kọjú sí, tí Shuster àti Oh gbé jáde ní 1981, kà á sí fún gbogbo ìràwọ̀. Fún awò tóóró, ó tó.

Torí náà, àárín fótò ni kẹ́ ẹ gé ránṣẹ́. Mẹ́gà yín náà á pẹ́. Kámẹ́rà ò gbọdọ̀ ṣí ju ìṣẹ́jú àáyá 4: láàárín ìyẹn, ìràwọ̀ ti rin ìdá kan nínú 60 dígírì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ píksẹ́lì kan fún ọ̀pọ̀ pọ́tábù.

Bó bá ṣe ibi tẹ́ ẹ wà lẹ fẹ́ fi wá, ẹ fi Polaris (ìràwọ̀ àríwá) sílẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, kò ga ju nǹkan bíi dígírì 6 sí 7 lọ, nínú kùrukùru ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ ń tẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní bí ìdá 8 nínú 60 dígírì, ìyẹn á sì gbé yín lọ sí àríwá ní bíi kìlómítà 15, ìdajì ọ̀nà Sakété. Ìràwọ̀ ọ̀gangan orí ló dáa. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà gbọ́dọ̀ tẹ́jú dáadáa: bó bá fi 0.1 dígírì dẹ̀gbẹ́, kìlómítà 11 ti lọ nìyẹn.