Drunken Master, Apá Kìíní àti Apá Kejì: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Rà?

Bí owó ọwọ́ yín bá jẹ́ ti ẹyọ kan péré, apá kejì Drunken Master, fíìmù ìjà Jackie Chan, ni kí ẹ rà. Mo mọ̀ pé àwọn tó ti ń wo fíìmù Ṣáínà láti ayé fídíò kásẹ́ẹ̀tì ò ní gbà fún mi, torí apá kejì fíìmù kì í sábà dùn tó ti àkọ́kọ́. Ti ibí yìí yàtọ̀.

Ọdún 1978 ni ti àkọ́kọ́ jáde. Yuen Woo-ping ló darí rẹ̀, bàbá rẹ̀ gan-an, Yuen Siu-tien, ló sì ṣe Beggar So, arúgbó ọ̀mùtí tó ń kọ́ Jackie Chan níjà. Ẹni ọdún 24 ni Jackie nígbà náà. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ tí kò sí nínú ìkejì ni ìyà tó jẹ kó tó mọ ìjà. Wọ́n so ọmọ náà kọ́ lẹ́sẹ̀, orí ń wo ilẹ̀, ó ń fi ife kékeré bu omi nínú garawa ìsàlẹ̀, ó ń ká ara sókè láti dà á sí tòkè. Ọ̀nà mẹ́jọ ni arúgbó náà kọ́ ọ nínú ìjà ọ̀mùtí, ìjà tí èèyàn ń jà bí ẹni tó yó, ó fojú di ìkẹjọ torí pé ìjà obìnrin ni. Ó wá kojú Thunderleg, apànìyàn tó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, ìkẹjọ yẹn gan-an ló kù. Bó ṣe ń dá a hùmọ̀ lójú ìjà, tó ń yíràá bí omidan tó ń rèdí lójú agbo, òun nìkan tó owó fíìmù. Àmọ́ ẹ ó ní sùúrù kó tó dé ibẹ̀, ẹ̀fẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ìkejì jáde ní 1994. Jackie ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 40, ọmọ ọ̀hún náà ló ṣì ń ṣe! Ti Lung tó ṣe bàbá rẹ̀ ò fi odidi ọdún 8 jù ú lọ, Anita Mui tó ṣe ìyàwó bàbá rẹ̀ sì fi ọdún 9 kéré sí i. Ẹ má wo ìyẹn. Anita Mui, tó ń ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn ọkọ, ló pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú méjèèjì.

Lau Kar-leung tó darí rẹ̀ wà nínú eré náà, ó bá Jackie jà lábẹ́ ọkọ̀ rélùwéè. Wọn ò gbọ́ra wọn yé, ó kúrò kí iṣẹ́ tó parí, Jackie ló wá darí ìjà ìkẹyìn fúnra rẹ̀ ní iléeṣẹ́ irin. Ken Lo, tó ṣe ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀, á gbé ẹsẹ̀ kan sókè, á fi gbá a lórí, á fi gbá a láyà, kò ní sọ ẹsẹ̀ ọ̀hún kalẹ̀. Jackie ṣubú sórí ẹ̀yinná, ó ń fi ẹ̀yìn wọ́ lórí rẹ̀. Kò sí ìjà kankan nínú ti 1978 tó sún mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ ọtí wá ńkọ́, pàápàá nílùú Ìlọrin níbí, tí ọmọ tó ń ti ilé kéú bọ̀ á jókòó wò ó? Nínú ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá mutí ló ń borí, ó tán. Nínú ìkejì, bàbá rẹ̀ fòfin de ìjà ọ̀mùtí, ọtí sì dójú tì í níta gbangba. Ìyẹn rọrùn láti ṣàlàyé fọ́mọ.

Ẹ̀dà méjì ni ìkejì ní. Èyí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000, The Legend of Drunken Master, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, ohùn Jackie fúnra rẹ̀ ni, àmọ́ wọ́n pààrọ̀ orin, wọ́n sì gé òpin rẹ̀, níbi tí ọtí iléeṣẹ́ tó mu ti ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Bí wọ́n ṣe fi aláàárẹ̀ ọpọlọ ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ ò dùn mọ́ mi, síbẹ̀ òun ló fi hàn pé ọtí ń gba ẹ̀san. Ti èdè Ṣáínà ni kí ẹ mú bí ìwé kíkà ìsàlẹ̀ fíìmù ò bá sú yín.

Bóyá Ọjà Ọba lẹ ti fẹ́ rà á ni o, bóyá Tanke ni wọ́n ti máa kó o sí fíláàṣì fún yín, ẹ má gba síídì tó kó ogún fíìmù pọ̀, àwòrán rẹ̀ máa ń ṣú. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n ta Drunken Master III fún yín, Jackie ò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ ní kí ọlọ́jà fi sẹ́rọ, kó sáré dé ìparí kí ẹ tó sanwó: bí ẹ ò bá rí ẹ̀yinná, ẹ dá a padà.