Àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ tó ń wá sí Ìsẹ́yìn: bí wọ́n ṣe ṣe tiwa

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Màá sọ ohun tó gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ wọn.

Aṣọ òfì ni mò ń hun ní Ìsẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọlọ́pàá wá gbé ọmọṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 16, nídìí òfì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n ń wá lórí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tó sọnù. Wọn ò rí i, ni wọ́n bá mú àbúrò. Títí di Ọjọ́bọ̀, inú àhámọ́ ló ń sùn láàárín àwọn àgbà, wọ́n sì ń bèèrè owó bẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ yẹn ló bọ́ sí ọjọ́ tí màmá kan tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n òfin àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ti Ìbàdàn wá jókòó sí gbọ̀ngàn ẹ̀bá ọjà. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n ń wá, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ohun tí màmá yẹn kọ́kọ́ bèèrè ni ìwé ìbí. Ìyá ọmọ sáré lọ sílé, ó mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára bọ̀, epo ti ta sí i, etí rẹ̀ ti gbó. Màmá gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó ń fìka tọ ọjọ́ ìbí náà bí ẹni ń wá ojú òwú tó já. Ó ní káàdì yẹn lágbára ju ẹnu gbogbo wa lọ. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Òfin ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Níbi tí kóòtù bá sì wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni òfin ilẹ̀ wa fún wọn láti gbé èèyàn dé iwájú adájọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá lórí ọmọ wa!

A tẹ̀ lé e dé àgọ́. Kò pariwo rárá. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó ní kí èmi àti ìyá rẹ̀ bọ́ síta. Inú bí mi. Ṣebí èmi ni ọ̀gá rẹ̀, èmi ni mò ń bọ́ ọ. Ó ní, “Ẹ má bínú, bàbá. Ọmọ yìí ni mo wá dúró fún.” Ìgbà tí ọmọ náà tún yọ sí wa, tó lè gbójú sókè wò mí, ló tó yé mi. Kílẹ̀ tó ṣú, wọ́n fi í sílẹ̀. A ò san nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan sọ fún mi pé ó ti lé lógún ọdún tí màmá ti ń rin irú ìrìn yìí láti abúlé dé abúlé. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹjọ́ ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ lọ́yà ń bá kiri. Ta ni yóò gba ti ọmọ aláìní?

Ìràwọ̀ tó kù ńkọ́? Bí wọn ò bá sí nílùú, fóònù wọn kì í wọlé. Gẹ̀ẹ́sì sì ni fọ́ọ̀mù wọn. Ìyá ọmọ tẹ̀ka sí ohun tí kò lè kà. Mo sọ fún wọn lójú ara wọn pé kí wọ́n ṣe é ní Yorùbá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé. Bó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, àga ti kún. Káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ yín, ẹ mú un dání.