Ìràwọ̀ mẹ́rin fún ìrìn-àjò Jarama

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún àwọn tó ṣètò ìrìn-àjò yìí. Oúnjẹ ọ̀sán ló gba ìkarùn-ún lọ́wọ́ wọn, màá débẹ̀.

Ìrìn-àjò ọjọ́ kan ni, láti àárín ìlú Madrid lọ sí àfonífojì odò Jarama, níbi tí ogun abẹ́lé ilẹ̀ Sípéènì ti gbóná janjan ní oṣù kejì ọdún 1937. Yúrò 65 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, tọkọ̀ toúnjẹ. Ọkọ̀ akérò kékeré tó mọ́ tónítóní ni wọ́n fi gbé wa, kò sì sí pé ẹnì kan ń fún mọ́ ẹnì kejì. Ẹ má fi mí pe ẹni tó fẹ́ràn ogun o. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní London ni kí n máa wá òṣìṣẹ́ fún àwọn ilé ìtọ́jú arúgbó. Mo máa ń yẹ ìwé ẹ̀rí wò, mo máa ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò, mo sì máa ń sọ fún wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfúrufú pé òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré. Ohun tó jẹ́ kí n sanwó ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìpolówó wọn pé bí ìjọba Sípéènì ṣe rí àwọn sójà afínnúfíndọ̀ kó jọ láti ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn máa fi ṣáájú kí àwọn tó kan ọ̀rọ̀ ìbọn. Mo ní kí n lọ wo bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ayé ìgbà yẹn ṣe ṣe é.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá tó mú wa kiri. Ọkọ̀ ò tíì jáde ní Madrid tó ti bi wá pé, ká ní ìjọba kan ń ṣubú lọ níbi tó jìnnà sí wa, ta ni yóò wá bá wa nílé, kí ni yóò sì sọ tí a ó fi dìde? Kò dúró gba èsì. Ó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje ọdún 1936, nígbà tí àwọn ọ̀gá sójà kan, tí Franco wà lára wọn, dìtẹ̀ mọ́ ìjọba tí aráàlú dìbò yàn ní oṣù kejì ọdún yẹn kan náà. Hitler àti Mussolini kó ọkọ̀ òfúrufú àti ọmọ ogun fún àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ní àwọn ò dá sí i, wọn ò sì jẹ́ kí ìjọba náà ríbọn rà lọ́dọ̀ àwọn. Rọ́ṣíà ló tà fún un. Àjọ àwọn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì àgbáyé tó wà ní Moscow ló sì pinnu ní oṣù kẹsàn-án pé kí wọ́n máa wá ọmọ ogun kiri ayé. Kí ogun tó parí, nǹkan bí 35,000 èèyàn láti orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ ti gba inú International Brigades, orúkọ tí wọ́n fi pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun náà, kọjá.

Ibi tó wá dùn mọ́ mi jù nìyí, torí ó rọra tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, bí ẹni ń ka fáìlì òṣìṣẹ́. Ní London, ọ́fíìsì ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ní King Street, lẹ́bàá Covent Garden, ni ẹni tó bá fẹ́ lọ máa ń gbà. Wọ́n á bi í bóyá ó ti ṣe sójà rí, ta ló mọ̀ ọ́n, kí ló dé tó fẹ́ lọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1937, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé òfin ọdún 1870 kan ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ni iṣẹ́ bá di ti abẹ́lẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ibùdókọ̀ ojú irin Victoria, wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ìparí ọ̀sẹ̀ sí Paris, ẹni tó bá rà á kò nílò páásípọ́ọ̀tù. Báyìí ni awakùsà láti Wales àti aláìníṣẹ́ láti Glasgow ṣe ń di ẹni tó ń lọ gbafẹ́ ní Paris, tí iṣẹ́ Monday á sì máa wò wọ́n láìrí wọn. Ní Paris, dókítà á yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n á tún bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì fẹ́ lọ. Nígbà tí Faransé ti ẹnubodè rẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun òkè Pyrenees, tó wà láàárín Faransé àti Sípéènì, lóru.

Bàbá yìí yọ irú bàtà tí wọ́n ń wọ̀ nígbà náà jáde nínú àpò, alpargata lorúkọ rẹ̀: aṣọ lókè, okùn híhun nísàlẹ̀. Ó ní kí á gbà á wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fúyẹ́ débi pé mo kọ́kọ́ rò pé ti ọmọdé ni. Okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í dún lórí òkúta, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń mú wọn sọdá fi ń fún wọn, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè má baà gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ wọnú. Ta ló máa fi nǹkan yìí gun òkè láti alẹ́ mọ́jú? Wọ́n gùn ún. Tí wọ́n bá dé Albacete, ìlú tí wọ́n ti ń kó wọn jọ ní Sípéènì, inú pápá tí wọ́n ti ń bá akọ màlúù jà ni wọ́n ti máa ń tò wọ́n: àwọn tó gbọ́ èdè kan náà síbí, àwọn tó mọ ọkọ̀ wà sọ́hùn-ún, àwọn tó ti yìnbọn rí lápá kan.

Títí débẹ̀, mo gbóṣùbà fún wọn. Mo mọ àwọn aṣojú kan láyé òde òní tó ti ta COS, ìwé tí agbanisíṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe òṣìṣẹ́ wá láti òkèèrè, fún ọmọ Nàìjíríà ní ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà láìbi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n Albacete náà ni wọ́n ti ń gba páásípọ́ọ̀tù lọ́wọ́ àwọn tó bá ní in. Ọ̀pọ̀ ò rí i gbà padà, àwọn kan lára ìwé náà sì bọ́ sọ́wọ́ amí Rọ́ṣíà. Gbogbo ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ tèmi mọ irú ọ̀gá tó máa ń ti páásípọ́ọ̀tù òṣìṣẹ́ mọ́nú dúrọ́ọ̀. Èyí tó tún wá burú ni ti ìgbà tí wọ́n máa padà sílé. Ọ̀pọ̀ rò pé oṣù mélòó kan ni. Ọ̀hún ni wọ́n dé kí wọ́n tó mọ̀ pé ó di ìgbà tí ogun bá parí. Àwọn tó sá, wọ́n tì wọ́n mọ́lé, wọ́n tilẹ̀ yìnbọn pa àwọn kan. Mo bi bàbá yìí pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún wọn ní King Street. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká ní wọ́n sọ ọ́, ṣé èèyàn 2,500 á jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland? Mo ní wọn á jáde, sà. Ẹni tó lè fi bàtà olókùn sọdá Pyrenees, ó lè gbọ́ òótọ́.

Ìyá àgbà kan láti Wales tó jókòó níwájú mi yíjú padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kú sí Jarama. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n tàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá òun mọ ibi tí òun ń lọ. Mo tọrọ gáfárà, mo sì dákẹ́, àmọ́ mi ò yí èrò mi padà. Àbúrò bàbá tèmi náà fúnra rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ ní 1967, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń gba sójà lójú méjèèjì, tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó jẹ́ nǹkan bí 10,000 fi ju 200,000 lọ kí ogun Biafra tó parí. Òun náà mọ ibi tó ń lọ. Kò mọ̀ pé ó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A gun òkè tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní Suicide Hill, igi ólífì sì wà káàkiri àyíká rẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1937, nǹkan bí 600 nínú wọn ló wọ ìjà. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, àwọn tó ṣẹ́kù tí wọ́n ṣì lè jà kò tó ìdajì wọn mọ́. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ọta tí wọ́n kó fún àwọn ìbọn arọ̀jò-ọta kì í ṣe irú tó bá a mu. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà, tí wọ́n rán lọ kọlu òkè Pingarrón ní ọjọ́ 27, tún ju ìyẹn lọ: ojú ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá sójú ogun, ni àwọn kan nínú wọn ti kọ́kọ́ yìnbọn láyé wọn. Wọ́n bi èèyàn ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó fẹ́ lọ, wọn ò wá kọ́ ọ níṣẹ́! Inú bí mi lórí òkè yẹn.

Ibi tí bàbá yìí ti sáré jù ni ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Èmi ni mo fà á lọ́rọ̀ kó tó dárúkọ Oliver Law, ọmọ Texas tó ti ṣe sójà ní Amẹ́ríkà, tó wá di ọ̀gá lórí àwọn aláwọ̀ funfun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Abraham Lincoln, tí wọ́n sì pa ní Brunete, lẹ́bàá Madrid, ní oṣù keje ọdún 1937. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mẹ́nu kan Salaria Kea, nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú tó wá láti Harlem ní New York. Púpọ̀ nínú wọn ni inú ti ń bí látìgbà tí Mussolini ti kọlu Ethiópíà ní 1935. Sípéènì ni wọ́n ti rí i bá jà. Kúbà nìkan, tí ẹ̀jẹ̀ tiwa ń ṣàn níbẹ̀, nǹkan bí 1,000 èèyàn ló jáde níbẹ̀. Lódì kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Mòrókò ló ń jà fún Franco ní àfonífojì yìí kan náà, ìyàn ló lé púpọ̀ wọn wọ iṣẹ́ náà: wọ́n san owó oṣù méjì fún wọn ṣáájú, wọ́n fi ṣúgà àti òróró kún un. Ìtàn nípa gbígba sójà ò pé láìsí ìyẹn.

Ó wá ku oúnjẹ. Ilé oúnjẹ kan ní abúlé ni wọ́n mú wa lọ, ọ̀dọ́ àgùntàn sísun tó ti tutù àti ànàmọ́ tí òróró rẹ̀ ti dì. Mo béèrè fún ata, wọ́n gbé ata lúlúú tí kò ta rárá wá. Ohun tó yọ wọ́n ni palmerita ti Morata de Tajuña, ìpápánu kan tó ń rún wẹẹrẹ lẹ́nu, tí wọ́n bọ ṣokoléètì lára. Mo ra páálí méjì lọ sí London.

Tí ẹ bá máa lọ, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, òkúta wẹẹrẹ pọ̀ lójú ọ̀nà òkè yẹn. Ẹ má mú ọmọ kékeré dání, kò síbi tó ti máa sinmi. Oòrùn oṣù keje àti ìkẹjọ ò ṣeé fojú di níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ ìgbà òtútù. Ẹ jẹun yó kí ẹ tó kúrò ní Madrid, kí ẹ sì tètè bi bàbá yẹn nípa àwọn ará Mòrókò kí ọkọ̀ tó gbéra.