Láti Èkó dé Houston: Atlanta, London tàbí Doha?

Láti ọdún 2016 tí ilé-iṣẹ́ bàálù United ti dá ìrìnnà tààrà láàárín Èkó àti Houston dúró, ẹni tó bá fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní láti yan ibi tí yóò ti pààrọ̀ bàálù. Ẹ má fi iye owó nìkan yàn.

Ọ̀nà tààrà jẹ́ nǹkan bí 10,470 kìlómítà. Bí ẹ bá gba Atlanta, 9,400 ni àkọ́kọ́, 1,110 ni ìkejì: gbogbo rẹ̀ fi nǹkan bí 40 kìlómítà péré ju ọ̀nà tààrà lọ, torí Atlanta fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ọ̀nà gan-an. Ti London jẹ́ nǹkan bí 12,760. Ti Doha, ní orílẹ̀-èdè Qatar, tó 18,460, nítorí ìlà-oòrùn lẹ ó kọ́kọ́ forí lé.

Nínú afẹ́fẹ́, Atlanta ń gba bíi wákàtí 12 ààbọ̀ àti 2 lé díẹ̀. London, 6 ààbọ̀ àti 10 lé díẹ̀. Doha, bíi 7 àti 16. Ẹ fi wákàtí 3 ìdúró kún ọ̀kọ̀ọ̀kan: 18, 20 àti 26.

Àmọ́ ìdúró Atlanta kì í ṣe ti ìsinmi. Ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ balẹ̀ sí ní Amẹ́ríkà ni ìmígíréṣọ̀n ti ń yẹ ìwé wò. Ẹ ó tò, ẹ ó gba ẹrù yín, ẹ ó gbé e kọjá lọ́dọ̀ aṣọ́bodè, ẹ ó tún fi í lé wọn lọ́wọ́ fún Houston, kí wọ́n tó tún yẹ ara àti báàgì ọwọ́ yín wò. Lọ́fínńdà tó ju mìlílítà 100 lọ tí ẹ rà ní pápákọ̀ Èkó, inú àpótí ńlá ni kí ẹ tì í sí kí ẹ tó dá ẹrù padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè gbà á. Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí ìdúró rẹ̀ kò tó wákàtí 2 ààbọ̀.

Ní London, bí tíkẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹrù yín máa ń lọ tààrà sí Houston. Ọmọ Nàìjíríà tó ní físà Amẹ́ríkà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá kò nílò físà ìkọjá, tí kò bá ti jáde kúrò lágbègbè ìpààrọ̀ bàálù. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀: ẹ lè ní láti wọ ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti gba ẹrù, bí bàálù àkọ́kọ́ bá sì pẹ́, owó ìkejì lè wọgbó. Ẹ tún wò ó bóyá Heathrow (LHR) ni méjèèjì, àbí ọ̀kan jẹ́ Gatwick (LGW).

Doha? Àfi bí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ rẹlẹ̀. Wákàtí 16 lórí ìjókòó le fún àgbàlagbà.

Aago orí tíkẹ́ẹ̀tì, ti ìlú kọ̀ọ̀kan ni. Nàìjíríà kì í yí aago padà, Houston ń yí i: Èkó fi wákàtí 7 ṣáájú nígbà òtútù wọn, 6 nígbà ooru wọn. Gbígbéra ní aago 11 alẹ́ kí ẹ dé ní aago 10 òwúrọ̀ nínú oṣù Kejìlá, wákàtí 18 ni, kì í ṣe 11.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo àmì pápákọ̀ ìkẹyìn: IAH wà níhà àríwá Houston, HOU wà níhà gúúsù, ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín sì gbọ́dọ̀ mọ èwo ni.