Kìnnìún ni àbí mọ́tò ìwé?

Ìwé àwòrán méjì yìí ń pa ọmọdé lẹ́rìn-ín nípa ilé ìkàwé. Nínú Library Lion (2006) tí Michelle Knudsen kọ, kìnnìún wọlé wá gbọ́ ìtàn. Ìtàn parí, ló bá bú ramúramù! Wọ́n ní bó bá tún pariwo, kó máa lọ. Àmọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀gá ibẹ̀ ṣubú, tí apá rẹ̀ kán, ariwo yẹn náà ni kìnnìún fi wá olùrànlọ́wọ́. Omi máa ń lé sí mi lójú níbẹ̀.

Wild About Books (2004) ti Judy Sierra ń dún bí orin: mọ́tò ìwé, ìyẹn ọkọ̀ tó ń gbé ìwé ilé ìkàwé kiri, ṣìnà wọ ọgbà ẹranko, àgùnfọn ń wá ìwé gíga, ìrẹ̀ ń wá ìwé kékeré. Ọmọ ọdún 3 á gbádùn èyí. Ti kìnnìún ni kí ẹ rà fún ẹni tó ti ń lọ sílé ìwé.