A Bucket of Blood (1959): Ère tó ní òkú nínú

Ọjọ́ márùn-ún ni Roger Corman fi ya fíìmù yìí, owó tó lọ sí i kò sì ju nǹkan bí 50,000 dọ́là lọ. Owó pọ́ọ́kú ni lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ jákujàku. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó wò ó dé ibi tí Walter, ẹni tí eré náà dá lé, ti ń pariwo mọ́ amọ̀ pé kó di imú. Bí ibẹ̀ kò bá pa á lẹ́rìn-ín, kó pa á tì, nítorí irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ló kún inú rẹ̀ látòkèdélẹ̀: ẹ̀rín tó ń jáde lẹ́nu èèyàn kó tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Walter Paisley ló ń palẹ̀ ife mọ́ ní The Yellow Door, ilé kọfí kan tí àwọn akéwì àti oníṣẹ́ ọnà máa ń pé sí, àwọn onírùngbọ̀n tí Amẹ́ríkà ayé ìgbà yẹn ń pè ní beatnik. Kò sẹ́ni tó kà á sí. Maxwell Brock, akéwì wọn àgbà, dìde, ó ń ké e kíkankíkan pé ohun tí kì í bá ṣe iṣẹ́ ọnà kò níláárí láyé. Àwọn tó kù gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ewì lásán. Walter nìkan ló gbà á gbọ́. Ó délé, ó fẹ́ fi amọ̀ mọ ojú Carla, ọmọbìnrin tó wù ú, àmọ́ amọ̀ kò gbọ́ tirẹ̀. Níbẹ̀ náà ni ológbò ìyá onílé ti ń ké nínú ògiri tó há sí. Walter fi ọ̀bẹ lu ògiri kó lè yọ ọ́, ọ̀bẹ bá ológbò, ológbò kú. Ó fi amọ̀ bò ó tọ̀bẹtọ̀bẹ, ó gbé e lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ní ère ni. Orúkọ tó sọ ọ́? “Òkú Ológbò”. Wọ́n yìn ín bí ẹni yin ọba.

(Ẹni tó bá kórìíra kí wọ́n sọ òpin eré fún òun, kó lọ wò ó ná, kó tó padà wá ka èyí tó kù.)

Charles B. Griffith ló kọ eré náà. Ọgbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo ló gbé fíìmù yìí dúró: Walter kò purọ́. Orúkọ tó bá sọ ère ni ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ìdí tó fi fi ọ̀bẹ sára ológbò, ó ní òun kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ ló sọ. Nígbà tó fi páànù ìdínǹkan lu ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan pa torí pé onítọ̀hún fẹ́ mú un lórí heroin, oògùn olóró, tí ẹnì kan kì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, “Ọkùnrin Tí Wọ́n Pa” ni ère tó tìdí rẹ̀ jáde. Bó ṣe ń sòótọ́ tó ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ tó.

Dick Miller tó ṣe Walter kò fi ìgbà kan ṣẹ́jú sí wa. Ibi tí ọ̀pọ̀ aláwàdà ti máa ń ba irú eré báyìí jẹ́ nìyẹn: wọ́n á fẹ́ kí a mọ̀ pé àwọn náà mọ̀ pé ó pani lẹ́rìn-ín. Miller ṣe é bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ní kíláàsì nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tí inú bá wá ń bí i sí Alice, ọmọbìnrin afira-ẹni-ṣàwòṣe tó rí i fín, ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀. Ó ní kó wá jókòó kí òun mọ ère rẹ̀, ó sì fi ìborùn fún un lọ́rùn. Ìgbà yìí kì í ṣe èèṣì mọ́, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí há èèyàn lọ́fun. Ẹni tó tẹ̀ lé e, tí Walter fi ayùn oníná bẹ́ lórí, kò tiẹ̀ ṣẹ̀ ẹ́ rárá.

Ṣùgbọ́n Walter kọ́ ni fíìmù yìí dá lẹ́bi jù. Leonard ni, ẹni tó ni ilé kọfí náà (Antony Carbone). Òun ló kọ́kọ́ rí irun tó yọ lára ère ológbò. Ó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ọkùnrin kan tó ń ra iṣẹ́ ọnà bá ní òun á san 500 dọ́là lórí ológbò náà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá bá di ọ̀rọ̀ ọ̀la. Ẹ máa wo ojú Carbone láti ibẹ̀ lọ: gbogbo ère tuntun ló ń rí bí òkú, ó sì ń rí i bí owó pẹ̀lú. Òun ló dùn ún wò jù lẹ́yìn Miller.

Àìlówó ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi púpọ̀. Ibùdó ìyàwòrán kò ju mélòó kan lọ, nítorí náà ilé kọfí náà fún pọ́, ó sì jọ ibi tí gbogbo èèyàn ti ń gbọ́ tara wọn. A kì í rí ibi tí ayùn ti wọ ọrùn. Wọn kò lówó rẹ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Orin jáàsì tí Fred Katz ṣe ń sáré níbi tí nǹkan ti tutù, ó ń fà níbi tí ẹ̀rù wà.

Ẹni tó ti fọwọ́ mọ amọ̀ rí á rẹ́rìn-ín míì sínú. Amọ̀ máa ń súnkì bó bá ń gbẹ. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò bá súnkì, amọ̀ náà á sán. Èyí tí wọ́n lẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ òkú kò ní pẹ́ là, kí a má tíì sọ ti òórùn. Eré náà kò bìkítà títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, nígbà tí Carla rí ìka èèyàn lábẹ́ amọ̀ níbi àfihàn.

Ibi tó ti já wọn kulẹ̀ ni àwòrán ìkẹyìn. Walter pokùn so, ó sì yẹ kí òun náà ti di ère amọ̀. Owó àti àkókò ti tán, wọ́n kàn kun Miller lójú ní àwọ̀ eérú ni. Miller fúnra rẹ̀ ráhùn nípa rẹ̀ lẹ́yìn náà, àròyé rẹ̀ sì tọ́. Ọ̀rọ̀ tí Brock sọ níwájú òkú náà, pé iṣẹ́ Walter tó ga jù nìyẹn, ìbá gúnni lọ́kàn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ohun tí a ń wò bá jọ ère.

Àwọn kan á ní kí ẹ kọ́kọ́ wo The Little Shop of Horrors (1960), tí Corman àti Griffith ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn yá ju èyí lọ, àmọ́ ó fẹ́ràn ariwo. Èyí ló mú jù.

Ẹ̀tọ́ àdàkọ kò sí lórí rẹ̀ mọ́ ní Amẹ́ríkà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà rẹ̀ fi pọ̀ bí iyanrìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, púpọ̀ nínú wọn sì ṣú, ohùn wọn ń há. Ìṣẹ́jú 66 ló yẹ kó gbà. Èyí tó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, wọ́n ti gé e. Díìsìkì Blu-ray tí ilé iṣẹ́ Olive Films gbé jáde ní 2019 mọ́ jù. Bó bá jẹ́ ti ọ̀fẹ́ lẹ fẹ́ wò, ẹ kọ́kọ́ sún un dé ibi tí wọ́n ti gbé ológbò sórí tábìlì. Bí ẹ kò bá rí ọ̀bẹ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kedere, ẹ wá ẹ̀dà míì.