Ọdún Méjì Pẹ̀lú Ọkọ̀ Àlùmíníọ̀mù Lójú Ọ̀sà Ìwọpin

Inú ọkọ̀ igi bàámi ni mo ti kọ́ ẹja pípa ní Ìwọpin, mi ò sì lè fojú kéré ọkọ̀ igi láé. Àmọ́ kí a tó ju àwọ̀n láàárọ̀, a ó ti gbọ́n omi títí apá á fi máa ro wá. Ìdí tí mo fi lọ ra ti àlùmíníọ̀mù nìyẹn.

Àkọ́kọ́ tí mo rà, àlòkù ni, rífẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi kàn án pọ̀. Ẹni tó tà á búra pé kì í jò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí omi ń yọ nídìí rífẹ́ẹ̀tì bí òógùn, torí gbogbo ìgbà tí ìgbì bá gbá ọkọ̀ ni wọ́n ń mì. Èyí tí mo ń lò báyìí, jíjó ni wọ́n jó o pọ̀: ẹsẹ̀ bàtà 14, páànù àlùmíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 5052, irú tí omi kì í tètè jẹ.

Ẹ yẹ abẹ́ ọkọ̀ wò dáadáa kí ẹ tó sanwó. Èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ dára fún ẹni tó ń dẹ ìgèrè létí omi, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn ọ̀sán bá dé, gbà-gbà-gbà ni yóò máa lu omi, ẹ̀yìn á sì máa dun ẹni tó jókòó. Tèmi ṣe ṣóńṣó níwájú, ó wá ń tẹ́ bó ṣe ń lọ sẹ́yìn. Ìyàwó mi, ọmọ mẹ́ta àti èmi la ń wọ̀ ọ́. Ọmọ lè dìde fa ìwọ̀, ọkọ̀ ò ní fì. Ẹ́ńjìnnì Yamaha alágbára ẹṣin 15 tó o.

Oòrùn ni àléébù rẹ̀. Aago kan ọ̀sán ọjọ́ kan, àbígbẹ̀yìn mi jókòó sórí ìjókòó, ó fò dìde, ó figbe ta. Nígbà tí ìyá rẹ̀ máa wò ó, itan ọmọ ti pọ́n. Ẹní la ń tẹ́ síbẹ̀ báyìí. A tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ ọkọ̀ náà, torí bí irin bá já bọ́ lu páànù, ọ̀bọ̀kún ti sá lọ.

Ẹ ṣí abẹ́ ìjókòó, kí ẹ rí fóòmù tí kò ní jẹ́ kó rì. Síbẹ̀, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ò ṣeé fi sílẹ̀ nílé. Ẹ má sì fi ọ̀dà tó ní bàbà kun ìdí rẹ̀ o: bí bàbà àti àlùmíníọ̀mù bá jọ wà nínú omi, àlùmíníọ̀mù ló ń jẹrà.

Àjẹ̀ bàámi ṣì wà nínú ọkọ̀ yìí. Bí ojú oró bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, a ó gbé ẹ́ńjìnnì sókè, àjẹ̀ náà la ó fi tukọ̀ jáde.